Tòmátì inú bọ́kẹ́ẹ̀tì mi ń gbẹ láti etí ewé, ajílẹ̀ wo ni kí n fi kún un?

Ìyá Ewéko, Òkè Àró:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Àkúrẹ́ ni mo wà, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé, òkè ni tiwa. Nígbà tí owó tòmátì Ọjà Ọba ti kọjá agbára wa, mo ní n ó gbin tèmi. Mo gba bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì lọ́wọ́ àwọn tó ń kun ilé, mo tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè. Ọkọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní "àgbẹ̀ orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì." Mo gbé e mì.

Ìyàwó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ni kò jẹ́ n gbádùn. Kò sí ohun tí mo ṣe tí kò ní dé etí lánlọ́ọ̀dù. Ó ní omi ń kán sórí aṣọ ọmọ òun. Ó ní ilé ń rùn. Lánlọ́ọ̀dù á gòkè wá, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ èmi ò jẹ owó ilé rí o, obìnrin yẹn ló jẹ owó iná. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mò ń tọ́jú tòmátì yìí ju ara mi lọ. Ajílẹ̀ olómi tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni mò ń fún wọn, ìgbẹ́ adìẹ ni, kì í ṣe kẹ́míkà. Mo bu eérú sí i, mo fọ́ èèpo ẹyin sí i, bí mo ṣe rí i nínú fídíò kan. Síbẹ̀ ewé ń gbẹ láti etí wá, ó ń ká kò, òdòdó ń já bọ́. Ata rodo náà ti fẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó ta irúgbìn fún mi ní Ìsìkàn ní bóyá ayé ló ń ṣe mí. Ajílẹ̀ wo ni kí n fi kún un? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé:
Pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Ojú mi rí i lọ́dún tó kọjá. Ugu lèmi gbìn sínú àpò ìrẹsì, ewúrẹ́ aládùúgbò ló jẹ ẹ́ tán. Mo pariwo, wọ́n ní ẹranko ni, kò mọ nǹkan. Ẹ máa fi omi tẹ́ ẹ fi fọ ìrẹsì bomi rin ín.

Àgbẹ̀ Ìjàpọ̀:
Àǹtí, ẹ ò tíì sọ èyí tó yẹ ká gbọ́. Ìgbẹ́ adìẹ yẹn, tútù ni àbí ó ti jẹrà? Báwo lẹ ṣe ń pò ó? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún wọn lọ́sẹ̀? Ewé tó ń gbẹ láti etí, àpọ̀jù ajílẹ̀ ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ebi. Ẹ má tíì fi nǹkan kan kún un.

Bàbá Kòkó, Ìdànrè:
Ẹ bu eérú kún un. Eérú èèpo kòkó la fi ń gbin ata látijọ́, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Potassium inú rẹ̀ pọ̀, òun ló ń mú kí tòmátì so.

Tísà Fẹ̀yìntì, Oǹdó:
Ẹ má bínú, bàbá. Nínú oko, òjò á fọ eérú lọ. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò ríbi lọ, á kàn máa sọ ilẹ̀ di alkaline jù ni, bíi tọṣẹ, òdìkejì kíkan. Síbí ìjẹun kan ti tó bọ́kẹ́ẹ̀tì 20 lítà. Eérú àti ìgbẹ́ adìẹ tútù kì í sì í gbé pọ̀. Eérú á lé nitrogen inú ìgbẹ́ jáde, á di ammonia, òórùn tó ń ta lójú yẹn. Oúnjẹ tẹ́ ẹ fẹ́ fún tòmátì ló ń bá atẹ́gùn lọ. Bóyá òun náà ni ará ìsàlẹ̀ yín ń gbóòórùn.

Bàbá Kòkó, Ìdànrè:
Tísà, mo ti ń gbin ata kí wọ́n tó gbà yín síṣẹ́.

Tísà Fẹ̀yìntì, Oǹdó:
Mo gbà, bàbá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì là ń sọ, a ò sọ oko.

Ìyá Ewéko, Òkè Àró:
Ẹ ṣé, Ìyá Ìbejì. Ìgbẹ́ náà tútù, ọ̀rẹ́ mi tó ń sin adìẹ ló ń kó o fún mi. Ṣùgbọ́n mò ń fi omi là á o! Alaalẹ́ ni mò ń bu ún sí wọn. Èèyàn ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kí ló dé tí ewéko ò ní jẹ lẹ́ẹ̀kan?

Àgbẹ̀ Ìjàpọ̀:
Alaalẹ́ kẹ̀! Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ kó ìgbẹ́ tútù jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, ẹ bò ó, ẹ máa yí i, fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta. Ife kan rẹ̀ sí ife omi mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, kó rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní báyìí, omi lásán ni kẹ́ ẹ dà sí i dáadáa, kó fọ iyọ̀ ajílẹ̀ náà jáde nísàlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:
Ẹ má da ìgbẹ́ tútù sí ẹ̀fọ́ o, àrùn inú rẹ̀ ń ba ikùn jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn tó ń ta irè oko organic (èyí tí wọn ò fi kẹ́míkà gbìn) ni pé ó gbọ́dọ̀ tó 120 ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo ìgbẹ́ tútù kí wọ́n tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀, 90 ọjọ́ fún èyí tí kò kàn án. Ẹ ya fọ́tò ojú ilẹ̀ náà wá.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé:
Omi ìrẹsì ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dáhùn.

Ìyá Ewéko, Òkè Àró:
Fóònù mi ò gbé fọ́tò. Nǹkan funfun kan bo ojú ilẹ̀, mo rò pé eérú ni. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, omi ń sun. Ẹ tiẹ̀ ní kí omi jáde nísàlẹ̀, ibo ni kó gbà? Kò sí ihò ńbẹ̀. Mo ti yọ́ ọ̀rá dí gbogbo rẹ̀ nígbà tí lánlọ́ọ̀dù ní omi ò gbọdọ̀ kán mọ́.

Àgbẹ̀ Ìjàpọ̀:
Àǹtíìì! Láti àárọ̀ la ti ń jà lórí eérú! Omi ti mu gbòǹgbò wọn yó, iyọ̀ ajílẹ̀ ò sì rọ́nà jáde. Òǹgbẹ ń gbẹ ewé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Ọmọ Àlàgbàkà:
Ìsàlẹ̀ lèmi náà ń gbé níbi tí mo wà. Omi ìgbẹ́ adìẹ lórí aṣọ ọmọ! Obìnrin yẹn tiẹ̀ ní sùúrù.

Ìyá Ewéko, Òkè Àró:
Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àṣẹ lánlọ́ọ̀dù ni mo tẹ̀ lé, kí ni kí n ṣe?

Tísà Fẹ̀yìntì, Oǹdó:
Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ẹ̀gbẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ìka kan sókè ìdí rẹ̀, káàkiri. Ẹ gbé e sínú bàsíà, ẹ máa da omi rẹ̀ nù. Kò ní kán sórí ẹnikẹ́ni. Kẹ́ ẹ tó fọ ilẹ̀ náà, ẹ fa tòmátì kan tu, ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀.

Ìyá Ewéko, Òkè Àró:
Mo fa ọ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo yẹ ti ata rodo wò, ó ṣì funfun.

Tísà Fẹ̀yìntì, Oǹdó:
Ata rodo ni kẹ́ ẹ lu ihò fún lónìí. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan títí tí ewé tuntun á fi yọ.

Bàbá Kòkó, Ìdànrè:
Tó bá yọ ewé tuntun, ẹ bu eérú díẹ̀ sí i.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé:
Ta ló ní ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà nítòsí wa níbí? Ẹ sọ iye rẹ̀.