Iná gbé ọmọ mi, àwọn dókítà sì fẹ́ fi iná wo ọkọ ẹ̀gbọ́n mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ pọn omi lẹ́yìn ilé, níbi tí a so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ ẹnu kànga. Kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀. Bí ó ṣe di páìpù irin ara ẹ̀rọ náà mú ni iná gbé e, kò sì lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Àbúrò ọkọ mi ló sáré lọ pa iná nídìí mítà, ìgbà náà ni ọmọ yìí tó ṣubú. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ta ló lu òun. Egbò tí mo rí ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò ju horo àgbàdo lọ, irú rẹ̀ kan sì wà ní gìgísẹ̀.

Ìyá ọkọ mi fún un ní epo pupa mu, wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ti ń rìn, kí a má wulẹ̀ náwó ilé ìwòsàn. Láti àná ni ọmọ náà ti ń sọ pé ara ń ro òun, àyà rẹ̀ a sì máa já lójijì. Láàárọ̀ yìí, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti wà ní ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní ìlú mìíràn láti oṣù tó kọjá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú un débi pé kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn dókítà ní oògùn kò ràn án, wọ́n wá fẹ́ fi iná mànàmáná ta ọpọlọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì fọwọ́ sí ìwé, èmi ló sì ń bi léèrè. Lẹ́yìn ohun tí ojú mi rí lẹ́nu kànga, kí ni kí n sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

Àbúrò mi, gbé ọmọ yẹn lọ sí ilé ìwòsàn ní báyìí, kí o tó padà wá ka ìyókù.

Egbò iná mànàmáná máa ń tan ènìyàn jẹ. Iná wọlé láti àtẹ́lẹwọ́, ó jáde ní gìgísẹ̀, gbogbo ohun tó wà láàárín ibi méjèèjì, títí kan ọkàn, ló sì gbà kọjá. Ẹran ara tó bá jó nínú lọ́hùn-ún máa ń tú ohun pupa kan sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì ní láti sẹ́ ẹ jáde. Ohun tó sọ ìtọ̀ rẹ̀ di dúdú nìyẹn, bí ó bá sì pọ̀ jù, ó lè dí kíndìnrín pa. Wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọn yóò sì lo ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Bí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí kò bá ní i, ẹ má jáfara láti gbé e dé Lọ́kọ́ja.

N kò ní bá Màmá jà nítorí epo pupa, nítorí ojú ọmọ ti wálẹ̀ kí wọ́n tó fún un. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà ni a kì í rọ nǹkankan sí lẹ́nu, torí ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà lọ. Àbúrò ọkọ rẹ ló ṣe ohun tó yẹ. Ká ní ó fọwọ́ di ọmọ náà mú ni, ẹni méjì ni iná ìbá gbé. Níbi tí súwíìsì bá jìnnà, igi gbígbẹ tàbí àga oníke ni kí a fi ti wáyà kúrò lára ẹni náà, kí àwa náà sì dúró lórí ohun tó gbẹ. Bí kò bá mí, kí a tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé gírígírí, nǹkan bí ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Oníṣẹ́ iná, Ìyámoyè

Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Bí mi ò tiẹ̀ tíì rí i, ó dá mi lójú pé kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó bó ti ń kan irin ara ẹ̀rọ. Bí ẹ́ẹ̀tì bá wà, iná á gba ibẹ̀ wọlẹ̀, bíréékà á sì já. Bí kò bá sí, páìpù á gbé iná dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Bíréékà kan tún wà tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jò, tó sì máa ń já tí ohun tó jò bá ti tó mílíáḿpíà 30 (áḿpíà ni a fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó, 1,000 mílíáḿpíà ló sì wà nínú áḿpíà kan). Owó rẹ̀ ju ti èyí tí a mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kì í so ẹ̀rọ omi láìsí i mọ́.

Olùkọ́ Físíìsì, Kàbà

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kún un. Fóòtì 230 ni iná tó ń wọ ilé wa. Awọ tó gbẹ máa ń dènà rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí awọ bá tutù, ìdènà náà lè já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000 óòmù, ìyẹn ohun tí a fi ń wọn ìdènà. Bí a bá fi 1,000 pín 230, áḿpíà 0.23, ìyẹn mílíáḿpíà 230, ni yóò gba ara kọjá. Mílíáḿpíà 1 kò ju kí nǹkan ta ènìyàn pín-ín lọ. Ní nǹkan bíi 10 sí 20, iṣan ọwọ́ á dì mọ́ ohun tó dì mú, ìdí nìyẹn tí ọmọ yín kò fi lè jọ̀wọ́ páìpù. Bí 100 bá sì gba àyà kọjá, ọkàn lè ṣíwọ́ lílù, kí ó máa gbọ̀n lásán.

Irú ọkàn tó ń gbọ̀n lásán yẹn, iná náà ni wọ́n fi ń tún un ṣe. Wọ́n á ta á lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iṣan rẹ̀ á dákẹ́, lílù tó tọ̀nà á sì lè tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí dókítà Claude Beck fi èyí gbà là lórí ibùsùn iṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1947, jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá, ẹgbẹ́ ọmọ yín gan-an.

Bàbá Ẹlẹ́ja, Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ wáyà. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ki àwọ̀n tí òjijí wà nínú rẹ̀ rí nínú odò Ọya yóò mọ̀ pé iná ti wà kí wáyà tó dé.

Olùkọ́ Físíìsì, Kàbà

Òótọ́ ni, Bàbá. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Róòmù kan, Scribonius Largus, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ láàyè lé ibi tí orí ti ń fọ́ aláìsàn.

Ọmọ Owé, Kàbà

Kí ẹ̀gbọ́n yín má fọwọ́ sí ìwé kankan o. Wọ́n máa ń de ènìyàn mọ́lẹ̀ ni, kí wọ́n tó fi iná lù ú. Ìyà ni.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

Ohun tí o sọ yẹn ṣẹlẹ̀ rí, n kò ní parọ́. Nígbà tí àwọn dókítà Ugo Cerletti àti Lucio Bini bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1938, ojú aláìsàn là sílẹ̀ ni, gìrì náà sì le débi tí egungun àwọn mìíràn fi ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí yàtọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ oorun àti oògùn tó ń dẹ iṣan, wọ́n á sì fi ọ́síjìn sí i nímú. Iná náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, orí nìkan ló mọ, kò gba ọkàn kọjá bíi ti ọmọ rẹ. Gìrì tó bá mú wá nínú ọpọlọ, tí kì í sábà pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, ló ń ṣe iṣẹ́ ìwòsàn náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà sí ẹ̀ẹ̀méjìlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ó lè fa orí fífọ́ àti ìgbàgbé, ìgbàgbé náà sì lè pẹ́ lára àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò jẹ, tí kò mu, tí oògùn kò sì ràn, ó wà lára ìtọ́jú tó múná jù lọ tí a ní.

Kí ẹ̀gbọ́n rẹ béèrè ẹni tí yóò fún ọkọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ oorun, àti bóyá wọ́n ti yẹ ọkàn ọkọ náà wò. Bí wọn kò bá lè dáhùn ní tààrà, kí ó má fọwọ́ sí i.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Kàbà

Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n dá ọmọ mi dúró, wọ́n fa omi sí i lára títí ìtọ̀ rẹ̀ fi mọ́, wọ́n sì ní kí a padà wá yẹ kíndìnrín rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ méjì sí i. Oníṣẹ́ iná tú ẹ̀rọ omi náà lánàá. Eku ti jẹ rọ́bà ara wáyà kan, bàbà inú rẹ̀ sì ń dán yanran níbi tó ti ń ha ara irin. Wáyà ẹ́ẹ̀tì kankan kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè ohun tí ẹ ní kí ó béèrè. Dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ oorun ló fúnra rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó sì ti fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọn yóò ṣe ti àkọ́kọ́. Ìyá ọkọ mi wá ní kí n bi yín bóyá kí a fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní epo pupa díẹ̀ kí ó tó wọlé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú

Ẹ bá mi kí Màmá. Rárá o. Nítorí abẹ́rẹ́ oorun yẹn, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo láti òru mọ́jú.