Àwọn ìlú ńlá ìlà oòrùn Rọ́ṣíà: ṣé ọkọ̀ ojú irin lè gbé mi dé gbogbo wọn?

Arìnnàkore:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹsàn-án, ìlà oòrùn Rọ́ṣíà lọ́hùn-ún ni mo sì fẹ́ lò ó sí. Mo ti fàmì sí ìlú mẹ́fà lórí máàpù: Vladivostok, Khabarovsk, Blagoveshchensk, Yakutsk, Magadan àti Petropavlovsk-Kamchatsky. Èrò mi ni pé kí n máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀kan dé èkejì, kí n sì máa lo ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta níbi kọ̀ọ̀kan. Ṣé ó ṣeé ṣe? Bí kò bá ṣeé ṣe, èwo ni kí n yọ kúrò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti débẹ̀ rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì:
Kú ìpalẹ̀mọ́, àbúrò mi. Mo kàwé ní Vladivostok láti 2013 di 2018, mo sì ṣiṣẹ́ ní Khabarovsk lẹ́yìn náà, nítorí náà ohun tí mo fojú ara mi rí ni màá sọ.

Máàpù yẹn ló tàn ọ́. Agbègbè tí o fàmì sí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méje kìlómítà onígun mẹ́rin, ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ Rọ́ṣíà nìyẹn, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Ìlú kọ̀ọ̀kan dá wà bí erékùṣù, igbó kìjikìji ló yí i ká. Torí náà má wulẹ̀ béèrè pé kìlómítà mélòó ni ìlú kan sí òmíràn. Béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde níbẹ̀.

Nínú mẹ́fà tí o kọ, mẹ́ta péré ni ọkọ̀ ojú irin wọ̀: Vladivostok, Khabarovsk àti Blagoveshchensk. Ti Yakutsk, ọkọ̀ ojú irin dé òdìkejì odò Lena, ó sì dúró síbẹ̀. Magadan kò ní rélùwéè rárá. Petropavlovsk-Kamchatsky kò ní rélùwéè, kò sì ní títì tó so ó mọ́ ìyókù Rọ́ṣíà; bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi ni.

Vladivostok ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án tí o mú yẹn, o mú un re: ìkùukùu oṣù kẹfà ti lọ, oòrùn ń ràn, omi òkun ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìlú olókè ni. Bí o bá gun ọ̀kan tán, òmíràn ti ń dúró dè ọ́, òkun á sì máa yọjú láàárín ilé sí ilé. Ibùdó ológun ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1860. Nígbà ìjọba Soviet wọn kò jẹ́ kí àlejò ilẹ̀ òkèèrè wọ̀ ọ́, ọdún 1992 ni wọ́n tó ṣí i sílẹ̀. Ilé àwa akẹ́kọ̀ọ́ wà ní erékùṣù Russky. Àwọn tó ṣáájú wa sọ pé ọkọ̀ ojú omi làwọn ń wọ̀ lọ síbẹ̀, kó tó di pé wọ́n ṣí afárá ní 2012, nítorí ìpàdé APEC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó yí òkun Pàsífíìkì ká. Àárín afárá náà, láti òpó kan sí èkejì, gùn tó mítà 1,104, okùn irin ló sì gbé e dúró. Ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu bá bò ó, bọ́ọ̀sì wa á kàn wọ inú funfun ni. A ò ní rí omi nísàlẹ̀, a ò ní rí orí òpó lókè, okùn irin nìkan la máa rí, tí wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan látinú ìkùukùu tí wọ́n sì tún ń wọnú rẹ̀ padà. Mo gba orí rẹ̀ kọjá fún ọdún márùn-ún, kò sú mi lọ́jọ́ kan.

Má jẹ́ kí mọ́tò ibẹ̀ yà ọ́ lẹ́nu. Àlòkù láti Japan ni ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún náà ni wọ́n ń gbà lójú títì. Bí awakọ̀ bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ẹni tó jókòó lápá òsì ló máa bá a yọjú wo iwájú. Èmi ni wọ́n sábà máa ń bi pé, "Ṣé ọ̀nà dá?" Jẹ pyanse náà o, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi oru omi sè, ẹran àti kábéèjì ló wà nínú rẹ̀. Gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́, lórí ìdúró.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, wàá rí òpó kan tí wọ́n kọ 9288 sí lára. Iye kìlómítà láti Mọsko dé ibẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, aago Mọsko ni wọ́n ń tẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, Vladivostok sì fi wákàtí méje ṣíwájú Mọsko. Mo rí 14:00 lórí tèmi, mo dé ibùdókọ̀ ní aago kan ọ̀sán, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ọkọ̀ tó gbéra. Wákàtí mẹ́jọ ni mo fi jókòó ti ẹrù mi. Láti oṣù kẹjọ 2018, aago ìlú tí èèyàn ti ń wọkọ̀ ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n ìwé àtijọ́ tí o bá kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ṣì ọ́ lọ́nà.

Ìrìn òru kan ni Khabarovsk. Bí o bá débẹ̀, lọ dúró sórí òkè àpáta tó dojú kọ odò Amur, kí o mú owó bébà 5,000 ruble ti àtijọ́ dání, kì í ṣe tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́. Ère Muravyov-Amursky, gómìnà tó gba ilẹ̀ Amur fún Rọ́ṣíà, tó wà níwájú owó náà, ẹ̀yìn mi gan-an ló wà. Afárá tó wà lẹ́yìn owó náà, tí wọ́n ṣí ní 1916, òun ló nà gbalaja sórí odò lápá ọ̀tún mi. Ìlú tó tẹ́jú, tó ní igi lẹ́bàá títì, tó mọ́ tónítóní ni Khabarovsk. Òun ni olú ìlú gbogbo agbègbè náà títí di oṣù kejìlá 2018, tí ìjọba gbé e lọ sí Vladivostok. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá mi obìnrin ní kí n má sọ ọ́ lórí tábìlì oúnjẹ. Èmi tí mo ti gbé ìlú méjèèjì mọ̀ pé kò yẹ kí a fi ọ̀kan wé èkejì.

Blagoveshchensk kò le, ọjọ́ kan tó o. Dúró létí Amur lálẹ́, iná Heihe, ìlú Ṣáínà, ń tàn ní òdìkejì bíi pé o lè fọwọ́ bà á. Afárá mọ́tò tó so ìlú méjèèjì pọ̀, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i.

Olùkọ́ Àgbà:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlàyé. Kí n fi kékeré kan kún un. Àwọn mílíọ̀nù mẹ́jọ tí ẹ sọ yẹn, Ulan-Ude àti Chita wà nínú rẹ̀, torí ní 2018 ni wọ́n fi Buryatia àti Zabaykalsky, ìpínlẹ̀ tí ìlú méjèèjì wà, kún agbègbè náà. Ìlú ńlá làwọn méjèèjì, ojú irin Mọsko sí Vladivostok ló sì gba inú wọn kọjá.

Arìnnàkore, láàárín Khabarovsk àti Blagoveshchensk, má sùn nígbà tí ọkọ̀ bá dé Birobidzhan. Lẹ́tà Yídíìṣì, èdè àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù, ni wọ́n fi kọ orúkọ ìlú náà sára ibùdókọ̀, pẹ̀lú ti Rọ́ṣíà. Ìjọba Stalin, olórí Soviet, ló sọ ibẹ̀ di agbègbè aládàáṣe fún àwọn Júù ní 1934.

Ní ti Magadan, mo ti débẹ̀, mo sì bẹ̀ ọ́ pé kí o má fi ṣe ibi àyọjúsí. Èbúté tí wọ́n ń já ẹlẹ́wọ̀n sí láyé Stalin ni, kí wọ́n tó kó wọn lọ wa góòlù ní agbègbè Kolyma. Títì tó tibẹ̀ lọ sí Yakutsk tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà, ẹlẹ́wọ̀n ló là á, àwọn kan kú sẹ́nu rẹ̀. Ère ńlá kan wà lórí òkè lókè ìlú, Ìbòjú Ìbànújẹ́, tí Ernst Neizvestny ṣe ní 1996. Ojú kan ni, omijé ń dà lójú rẹ̀ kan, orí èèyàn kéékèèké sì ni omijé náà. Ẹni tó bá lọ, kí ó lọ nítorí ìyẹn, kó sì fàyè sílẹ̀ fún un.

Arìnnàkore:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Màá fi Magadan sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn tí mo bá lè fàyè sílẹ̀ fún un. Ó wá ku Yakutsk àti Petropavlovsk. Ìyá mi, èwo ni kí n mú?

Ìyá Ìbejì:
Yakutsk.

Petropavlovsk dára. Bering, ọ̀gá atukọ̀ tó ń wá ilẹ̀ kiri fún Rọ́ṣíà, ló dá a sílẹ̀ ní 1740, orúkọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ méjèèjì, Pétérù Mímọ́ àti Pọ́ọ̀lù Mímọ́, ló fi sọ ọ́. Àwọn òkè oníná rẹ̀, Koryaksky àti Avachinsky, o lè rí wọn láti ojú títì bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ìlú ló wà, ìkùukùu sì lè dá bàálù dúró títí ọjọ́ rẹ á fi pé.

Yakutsk, inú ìlú gan-an ni ìyanu wà. Ilẹ̀ tí kì í yọ́ tọ̀sán tòru ni wọ́n kọ́ ọ lé, torí náà orí òpó ni ilé wọn dúró sí, atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ ilé kí ooru yàrá má baà yọ́ yìnyín ilẹ̀. Wọn kò lè ri páìpù mọ́lẹ̀, òkè ló ń gbà, tó bá dé ojú títì á fò bí ẹnu ọ̀nà kí mọ́tò lè gba abẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì 2020 ni mo lọ. Ní ọjà, ẹja dúró lóòró nínú garawa, ó le gan bí igi ìdáná, kò sẹ́ni tó nílò fíríìjì. Mọ́tò la fi gba orí yìnyín odò Lena kọjá, awakọ̀ sì ní kí gbogbo wa tú bẹ́líìtì, torí bí yìnyín bá là, ẹni tó bá ti so ara rẹ̀ kò ní lè jáde. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, ọkọ̀ ojú omi ni wàá wọ̀, omi kò tíì dì nígbà yẹn. Láti Blagoveshchensk, gba Tynda lọ sí Nizhny Bestyakh, ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Nǹkan bíi wákàtí kan ni ìrékọjá. Gba bàálù padà, má tún ọ̀nà yẹn rìn. Mú kóòtù dání, ewé ti máa ń já níbẹ̀, òwúrọ̀ sì máa ń tutù gan-an. Kí o sì tètè dé etí odò lọ́sàn-án, má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá ọ ní Nizhny Bestyakh.