Báwo ni Euler ṣe mọ̀ pé 641 ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò. Ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní Ṣágámù ló da ìbéèrè yìí bò mí. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé kan, rò pé kò sí ohun tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1732, Euler, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, já a: 641 × 6,700,417 ni. A ṣe é lórí pátákó, ó bára mu wẹ́kú. Àmọ́ ṣé gbogbo nọ́ńbà ló dán wò kó tó kan 641 ni? Mo kà á pé ohunkóhun tó bá máa pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù, bí a bá fi 64 pín ohun náà, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Kí ló fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ SS2 ni o, ẹ rọra ṣàlàyé.