Mo ti délé, ọkàn mi ò tíì dé

Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́ 9 rèé tí mo ti dé láti ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 3. Wíwọn apá ọmọdé niṣẹ́ mi, ọmọ oṣù 6 sí ọdún 5: téèpù ní apá òsì, agbedeméjì èjìká àti ìgúnpá. Bó bá ti wà lábẹ́ mílímítà 115, àwọ̀ pupa ni téèpù máa fi hàn, ebi ti wọ ọmọ náà lára gan-an nìyẹn. Ní báyìí, bí ọkọ mi bá nawọ́ bu oúnjẹ, apá rẹ̀ ni mò ń wò. Mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá sì sùn, àlá burúkú ni. Ọkọ mi ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Fọ́tò làwọn ọ̀rẹ́ mi ń béèrè. Olórí ikọ̀ wa ò bi mí pé báwo ni ara, àfi ẹ̀wù ẹgbẹ́ tó ní kí n dá padà. Àpótí mi pàápàá bàjẹ́ lọ́nà. Ṣé kí n padà síbẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má padà o! Máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́. Má mu kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, má sì fi ọtí wá oorun, torí ó máa ń já oorun ní ìdájí. Bí ìṣẹ́jú 20 bá kọjá tí o ò sùn, dìde, lọ jókòó níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀. Kó àwọn fọ́tò yẹn kúrò lórí fóònù.

Bọ́dẹ: Kí dókítà fún un ní Valium, oògùn tó ń mú ara rọ̀, tó sì ń múni sùn. Kó sì jókòó lálẹ́ kan, kó ro gbogbo rẹ̀ pátá, kò gbọdọ̀ ṣẹ́ ìkankan kù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ̀gbọ́n Bọ́dẹ, ẹ má bínú, méjèèjì kọ́. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má fún àgbàlagbà ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ nítorí àìsùn, nínú oṣù kìíní lẹ́yìn ohun tó ba ni lẹ́rù. Wọn ò sì ń fipá mú ẹnikẹ́ni ròyìn, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ là ń tẹ́tí sí. Àǹtí Àdùkẹ́, bó bá kọjá oṣù kan tí àlá àti ìjáyà ò lọ, ẹ wá oníṣègùn ọpọlọ. Bí èrò ikú bá wá, òní ni kí ẹ lọ. Ṣé ibà ń ṣe yín? Oògùn ibà wo lẹ sì ń lò?

Àdùkẹ́: Kò síbà. Mi ò lè kó fọ́tò àwọn ọmọ yẹn kúrò, Mà, ó máa dà bíi pé mo pa wọ́n tì. Mefloquine ni, ọ̀kan lọ́sẹ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kí a tó gbéra ni mo ti ń lò ó, ìgbà yẹn náà ni àlá ti bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹ̀rù ìrìn àjò ni. Wọ́n bi mí nínú fọ́ọ̀mù bóyá mo ti gba ìtọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn rí, mo ní rárá. Ó ti lé lọ́dún 3, ó sì ti tán.

Ìyá Ìbejì: Kí ló dé tí o fi purọ́?

Àdùkẹ́: Wọn ò bá má mú mi lọ, Mà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Mefloquine máa ń fa àlá burúkú, àìsùn, ìjáyà. Ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn ti ṣe rí, a kì í fún un láti fi dènà ibà. FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára rẹ̀ ní 2013. Kì í tètè jáde lára, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹ rí dókítà kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ má sì gbé òmíràn mì kó tó yẹ̀ yín wò. Ẹ má kàn jáwọ́ kí ẹ jókòó o, torí a gbọ́dọ̀ dènà ibà fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀. Ó lè fi doxycycline rọ́pò rẹ̀, 100 mg lójúmọ́. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí etí yín ń hó, ẹ sọ fún un. Ibà èyíkéyìí láàárín oṣù mélòó kan sí i, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Bọ́dẹ: Ṣé kì í ṣe ohun tó rí ló ń dà á láàmú mọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ó lè jẹ́ méjèèjì. Ohun tó rí ń dùn ún, kí oògùn sì máa koná mọ́ ọn.

Àdùkẹ́: Páálí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí, kóró 3 ló kù. Mo ti pe ilé ìwòsàn, aago 10 ọ̀la. Màá sọ ti fọ́ọ̀mù yẹn fún wọn. Ọkọ mi ní òun máa bá mi lọ.