Àgbà tó ṣubú tí eegun ìgbáròkó ẹ̀ kán: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìgbógbó:

Ẹ kú ilé o. Mo rí ohun tí àbúrò wa kan kọ lánàá, pé ìyá-ìyá òun ṣubú, dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, àwọn ẹbí wá ń sọ pé arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kí lẹ tún fẹ́ gbé e wọ tíátà fún, ẹ jẹ́ kó sinmi sílé. Mi ò lè sùn lóru àná. Àbúrò, jọ̀ọ́, má gbà fún wọn. Ohun kan náà ni wọ́n sọ fún wa nígbà ti màmá wa, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó fàáké kọ́rí.

Kì í ṣe ibi gíga ni màmá ti já bọ́ o. Wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá ìdájí, omi ti dà sórí táìlì lẹ́nu bálùwẹ̀, iná ò sí, wọ́n tẹ ìró ara wọn mọ́lẹ̀ wọ́n sì fẹ̀gbẹ́ lulẹ̀. Ìgbà tí mo máa débẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kúrú ju tòsì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ ti yí síta pátápátá, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n so mọ́ wọn lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, ẹ fi àmì yẹn sọ́kàn. Tí àgbà bá ṣubú, tí ò lè gbé ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ kúrú tó tún yí síta, ẹ má fà á, ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má ní kó dìde ká wò ó. Ìrọ̀rí la fi sáàárín ẹsẹ̀ wọn méjèèjì, mo tú gèlè mi, a fi so ẹsẹ̀ tó kán mọ́ èyí tó dáa, èmi àti àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wá jọ fi fọ́ọ̀mù gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì.

Ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìkòròdú níbí la kọ́kọ́ lọ. Dókítà ọ̀dọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé, kó tó sọ nǹkan kan ó gbé x-ray yẹn síwájú wa, ó ń fi bírò tọ́ka sí i. Ó ní eegun itan lórí, ó ní orí róbótó kan, ó ní ọrùn, lẹ́yìn ọrùn ló wá ní kókó ńlá kan níta àti kókó kékeré kan nínú. Ó ní tó bá jẹ́ pé ojú kan ló ti kán, tí ègé méjèèjì sì lè fara ti ara wọn, pléètì àti skúrù tí wọ́n máa kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìta ti tó. Ṣùgbọ́n ti màmá ti fọ́ yángá, kókó kékeré inú ti ya lọ, ara eegun tó wà níta náà ti sán, kò sóhun tí ègé òkè máa fara tì mọ́. Ó ní tí wọ́n bá kan pléètì mọ́ irú èyí, bí màmá bá ti ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ègé òkè á máa yọ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ á máa kúrú sí i, skúrù sì lè gún orí eegun jáde. Ohun tí wọ́n máa ń lò fún un ni irin gbọọrọ tó ń wọ inú ihò mùdùnmúdùn eegun lọ, wọ́n á wá ti skúrù ńlá kan gba ojú irin yẹn kọjá wọ orí eegun. Irin yẹn wà láàárín eegun gan-an, òun láá máa gbé ìwúwo ara títí eegun á fi so pọ̀.

Ẹ wò ó, àlàyé yẹn ló ṣí wa lójú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín: ṣé èyí tí ègé méjèèjì lè fara ti ara wọn ni àbí èyí tí ò lè dúró? Kí lẹ fẹ́ fi sí i, kí ló dé tẹ́ ẹ yan ìyẹn? Kò sí àrífín níbẹ̀.

Wọ́n kọ lẹ́tà fún wa lọ Igbobi, ọsibítù eegun tí wọ́n dá sílẹ̀ láti 1945 yẹn. Áńbúláǹsì la gbà, gbogbo gálọ́ọ̀pù láti Agric títí dé Mile 12 ni màmá ń mọ̀ lára. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, ti ọkàn, ti ṣúgà, BP, owó irin, ká wá ẹni tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀. Ibi tí ọjọ́ máa ń bá lọ rèé. Nílùú òyìnbó ní England, ìlànà wọn ni pé ọjọ́ tí wọ́n bá gba aláìsàn sọ́sibítù tàbí ọjọ́ kejì ẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, torí náà bí ẹ bá ti gbọ́ pé ó kán, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó jọ lọ́jọ́ yẹn, kí àwọn ọmọ pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ẹnì kan fún ẹ̀jẹ̀, ẹnì kan fún owó, ẹnì kan lọ́dọ̀ aláìsàn.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ìrora ni wọ́n fún wọn, wọn ò fún wọn lóògùn oorun. Màmá ní àwọn ń gbọ́ ohùn dókítà, àwọn sì ń ṣe tẹ́súbáà nínú ọkàn àwọn. Ojú ọgbẹ́ tí mo rò pé á gùn ju ọwọ́ lọ, kékeré kékeré ni, torí ẹ̀rọ kan wà tó ń fi eegun hàn wọ́n bíi tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọjọ́ kejì ni àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bó ṣe máa dìde rìn, dé! Mo ní ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ṣàánú, arúgbó ni. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi wá nìyẹn. Wọ́n gbé wọn jókòó, wọ́n fi wọ́ká, irin tí wọ́n ń dì mú rìn, sí wọn níwájú, màmá figbe ta, wọ́n sì dìde.

Lóru wọ́n ń pe bàbá wa tó ti kú, wọ́n ní ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí mi ti bú sẹ́kún pé wọ́n ti ń bá òkú sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ó máa ń ṣe àgbà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora lè fà á, oògùn lè fà á, àìmu omi tó náà lè fà á, ká fún wọn ní jígí ojú wọn, ká jẹ́ kí ohùn tí wọ́n mọ̀ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ó rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀.

Alhaja Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ojú mi ń ṣomi bí mo ṣe ń kà á. Ní tiwa, àwọn àgbààgbà ẹbí ló borí, wọ́n gbé bàbá wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, wọ́n fi ọparun dè wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n ń fi omi gbígbóná jó o láràárọ̀, wọ́n ní kí wọ́n má mira. Wọn ò mira lóòótọ́. Egbò là sí wọn nídìí, ó jìn débi pé mi ò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ dé, mímí di ìṣòro. Eegun kọ́ ló pa bàbá mi. Ìdùbúlẹ̀ yẹn ni.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀:

Alhaja, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn là ń rí. Tí àgbà bá dùbúlẹ̀ sójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀, ó lè ṣí kúrò kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró, ìdí abájọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún wọn níkùn nìyẹn, ẹ má bínú sí wa. Mi ò ní pa irọ́ fún yín pé iṣẹ́ abẹ ò léwu. Kódà níbi tí ìtọ́jú ti dáa jù, nínú 100 àgbà tí eegun ìgbáròkó wọn kán, bíi 20 sí 30 kì í rí ọdún náà parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún tó sì tètè dìde, ìrètí pé á yè ju ti ẹni tó dùbúlẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ tún jẹ́ kí n fi èyí kún un. Tó bá jẹ́ ọrùn eegun yẹn gan-an ló kán tó sì ṣípò, ti màmá Ìyá Tọ́pẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí eegun lè já níbẹ̀, kó má so pọ̀ mọ́. Wọ́n sábà máa ń yọ orí eegun fún àgbà kí wọ́n fi ti irin rọ́pò ẹ̀. Torí náà tí aládùúgbò bá ní irin gbọọrọ ni wọ́n fi sí ti òun, ẹ má fi bá dókítà yín jà.

Brother Sábó:

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n á padà yọ irin yẹn ni? Àti pé ṣé màmá ń rìn báyìí?

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìgbógbó:

Wọn kì í sábà yọ ọ́ fún àgbà àyàfi tó bá ń fa wàhálà. Màmá ń rìn, ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ̀, wọn ò lè yára bíi tẹ́lẹ̀, tó bá di alẹ́ itan máa ń ro wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé ni eegun tó ti gbó yẹn fúnra ẹ̀. Dókítà fún wọn ní kálíṣíọ̀mù, fítámì D àti oògùn eegun kan tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, omi ife kan gbáko, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú torí ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun. A ti kan irin ìdìmú mọ́ ara ògiri bálùwẹ̀, iná sólà kékeré wà níbẹ̀, ìró sì ti dópin, bùbá àti yẹ̀rì tí ò kanlẹ̀ ni màmá ń wọ̀ nílé.

Ọmọọmọ Màmá:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, èmi tí mo kọ̀wé lánàá rèé, mo ka gbogbo ẹ̀ sétí àwọn bùrọ̀dá mọ́mì mi. Wọ́n ti gbà. Àárọ̀ ọ̀la là ń gbé màmá lọ. O positive ni ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ní ká wá ẹni méjì tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀.

Ìyá Tọ́pẹ́, Ìgbógbó:

Alhamdulillah! Ọmọ mi ọkùnrin, O positive ni òun náà, á pàdé yín níbẹ̀, fi nọ́mbà ẹ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, má kọ ọ́ síbí. Ẹnì kan péré ló wá kù. Wọ́ká màmá sì wà nílé, wọn ò lò ó mọ́, ẹ wá gbé e, ẹ kàn sọ fún físíò kó bá yín wọn gíga ẹ̀ kí màmá yín tó fi rìn.