Dókítà tó fẹ́ kọ́ ìtọ́jú bárakú: ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Agùnbánirọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Lẹ́yìn house job (iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ dókítà ní ọsibítù), ìdánwò wo ló kàn fún ẹni tó fẹ́ máa tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún? Kí ló sì dára fún dissertation, ìwé ìwádìí tí mo máa kọ?

Àgbà Wọ́ọ̀dù: Primary ni, yálà ti National Postgraduate Medical College tàbí ti West African College of Physicians (àwọn ló ń sọ dókítà di àgbà oníṣègùn), lẹ́yìn náà ìdánwò Part I àti Part II. Abẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ni bárakú wà, torí náà wá ibi tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ ti dá dúró, bíi ọsibítù àrùn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta.

Aago lo máa kọ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ tó ṣíwọ́ lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n láàárín wákàtí 6 sí 24. Gìrì lè mú un kó tó pé wákàtí 48. Láàárín 48 sí 72 ló lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó má mọ ibi tó wà mọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó débẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀ diazepam, oògùn tó ń dá gìrì dúró. Thiamine (fítámì B1) sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú dírípù oníṣúgà. Lóru ni wọ́n sábà máa ń ṣi èyí ṣe, torí dírípù ló wà nítòsí. Ṣúgà á wá jó ìwọ̀nba thiamine tó ṣẹ́kù tán, ọpọlọ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ fi tramadol, oògùn tó ń pa ìrora, kún un, sà. Naloxone lè dá èémí ẹni tó lò ó jù padà, àmọ́ kò ní dá gìrì dúró, ó tiẹ̀ lè fà á. Kí diazepam wà lórí tíréè kan náà. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún un kó tó lọ sílé: ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ lè pa á báyìí tó ti ṣíwọ́, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

Oníwàádìí: Fún dissertation, ASSIST ti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) dára, ìbéèrè 8 péré nípa ọtí àti oògùn tí èèyàn ń lò. Ewu ló ń wọ̀n o, má fi máàkì rẹ̀ sọ pé ó ti di bárakú. Ó kéré tán, àmì 3 nínú 6 ti ICD-10, ìwé tí WHO fi ń to àrùn, ló ń sọ ìyẹn. Ìtumọ̀ ìbéèrè náà sí Yorùbá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bi awakọ̀ pé "Ṣé ẹ máa ń mutí?", á ní rárá, paraga sì wà lápò rẹ̀, "agbo" ló ń pè é. Tramadol? "Oògùn ara ríro." Dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tó máa tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì má sì rí ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ rárá.

Agùnbánirọ̀: Ẹ ṣé gan-an, sà. Ṣé abẹ́ ọtí ni kí paraga wà?

Oníwàádìí: Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bèèrè ohun tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ igbó, kọ ọ́ sí àyè tirẹ̀ pẹ̀lú.