A fẹ́ kógbá NGO wa wọlé, báwo la ṣe máa ṣe é tí àwọn tí à ń tọ́jú ò fi ní jìyà?

OmoOjaOba

Ẹ kú àṣálẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Èmi ni mò ń darí NGO kékeré kan n'Ìbàdàn níbí, a ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti 2011. Iṣẹ́ wa ni ká máa lọ bá àwọn tó ní HIV nílé, ká rí i pé wọ́n ń lo oògùn wọn, ká sin àwọn aboyún lọ sí klíníìkì, ká sì san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ti kú tàbí tí ara òbí wọn ò le. Òṣìṣẹ́ méje ni wá, àwọn fọlọ́ńtíà mọ́kàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń lo oògùn yìí. Ọwọ́ NGO ńlá kan lowó wa ti ń wá, àwọn yẹn ń gbà á lọ́wọ́ USAID, àjọ ìrànwọ́ ti ìjọba Amẹ́ríkà. Ní January 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí gbogbo irú iṣẹ́ yìí dúró, ìmeèlì kan ṣoṣo la rí, pé ká má ná kọ́bọ̀ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní iṣẹ́ tó ń gba ẹ̀mí là lè máa lọ, ṣùgbọ́n tiwa, ìyẹn ìbẹ̀wò ilé àti ti àwọn ọmọ, kò padà mọ́. Nígbà tó fi máa di July 1 ọdún yẹn, USAID fúnra ẹ̀ ti kógbá wọlé.

Láti ìgbà yẹn owó tí a tọ́jú la fi ń rọ́jú. Èyí tó kù ní báǹkì báyìí ò lè gbé wa kọjá oṣù márùn-ún, ìyẹn títí July. Mo kọ̀wé béèrè owó níbi mọ́kànlá, méjì ló dáhùn, àwọn méjèèjì ní kò sí.

Mo ti gbà á nínú ọkàn mi pé ká parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀! Gbogbo tírénìn tí mo lọ láti ọdún yìí wá, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni, bí a ṣe ń kọ̀wé béèrè owó ni, ẹnì kan ò kọ́ wa bí a ṣe ń tilẹ̀kùn. Màmá tó dá a sílẹ̀, tí wọ́n jẹ́ alága àwọn trustees, ìyẹn àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ lábẹ́ òfin, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí, wọ́n ní Ọlọ́run tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kò ní jẹ́ kó dáwọ́ dúró. Èmi ò sì fẹ́ kó tún rí bíi ti January ọdún yẹn, tí àwọn obìnrin wa wá sípàdé tí wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn wọkọ̀ láti Mọ́níyà, ó pọn ọmọ. Mi ò lè gbàgbé ojú obìnrin yẹn.

Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe? Ta ni ká kọ́kọ́ sọ fún? Fáìlì àwọn èèyàn yìí ńkọ́, orúkọ wọn àti èsì àyẹ̀wò wọn ló wà níbẹ̀. CAC tí a ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ńkọ́, ṣé a kàn lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Baba_Akowe

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ẹ̀mí ìṣòro yìí. Èmi ṣe akọ̀wé owó ní NGO fún ọdún mẹ́tàdínlógún kí n tó fẹ̀yìn tì, ibi méjì ló parí sójú mi, ọ̀kan parí dáadáa, ìkejì bàjẹ́.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ tó bà mí lẹ́rù ni oṣù márùn-ún tí o sọ yẹn. Owó oṣù márùn-ún kọ́ nìyẹn. Jókòó lálẹ́ yìí kí o ṣírò ohun tí pípa ilẹ̀kùn dé máa ná yín: owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ títí dọ́jọ́ tó kẹ́yìn, owó nótíìsì wọn, owó orí tí ẹ yọ lára owó oṣù wọn àmọ́ tí ẹ ò tíì san fún ìjọba, owó pẹ́ńṣàn tí ẹ bá ń yọ ọ́, lánlọ́ọ̀dù, òdítà, lọ́yà, owó ọkọ̀ tí ẹ máa fi kiri ilé àwọn èèyàn yín kẹ́ ẹ lè dágbére. Yọ gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lowó iṣẹ́, mo sì fẹ́ kó o gbọ́ látẹnu mi pé ó lè jẹ́ oṣù méjì péré.

Ní ti òṣìṣẹ́, òfin iṣẹ́ ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún sókè, nótíìsì ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní oṣù kan, ẹni tó lo ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Wo lẹ́tà tẹ́ ẹ fi gbà wọ́n síṣẹ́, tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó wà nínú lẹ́tà ni kẹ́ ẹ ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì lè sọ fún wọn ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rù máa ń bà wá pé wọ́n á sá lọ. Níbi tó parí dáadáa yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló lọ kó tó tó àkókò, àwọn yòókù dúró torí wọ́n mọ̀ pé owó wọn wà nílẹ̀ àti pé a ti kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún kálukú.

Níbi tó bàjẹ́, ọ̀gá ń retí owó kan láti òkè òkun, oṣooṣù ló ń sọ pé ó ti dé tán. Ọjọ́ tó jẹ́wọ́, ó ti jẹ wá lówó oṣù mẹ́rin. Lánlọ́ọ̀dù ti ọ́fíìsì pa, ó kó ohun tó wà níbẹ̀ tà. Lẹ́yìn bí oṣù méjì mo ra ẹ̀pà nítòsí ibẹ̀, mo tú bébà ẹ̀, fọ́ọ̀mù wa ni. Orúkọ èèyàn wà lórí ẹ̀, àdírẹ́sì wà lórí ẹ̀. Mo padà lọ bá obìnrin náà mo ra gbogbo ìdì bébà tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi wọ́n ta ẹ̀pà fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó débẹ̀. Ọmọ mi, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí fún ẹ.

LoyaAduke

Ẹ kú iṣẹ́ o àǹtí. Baba ti sọ ti owó, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti CAC.

Ẹ ò lè kàn fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ló lè tú u ká, ó wà ní abala 850 nínú CAMA 2020, òfin tó de ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ lè gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ, trustee kan ṣoṣo náà lè gbé e lọ, ìdajì ọmọ ẹgbẹ́ náà lè ṣe é, CAC fúnra wọn náà lè ṣe é. Títí ilé ẹjọ́ á fi tú u ká, ẹ ṣì wà láàyè lójú òfin, ẹ ṣì gbọdọ̀ máa fi annual returns, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún, ránṣẹ́ sí CAC láàárín June 30 sí December 31 lọ́dọọdún, àì-ṣe-é ní owó ìtanràn tiẹ̀. Mo ti rí trustee tó rò pé ẹgbẹ́ òun ti parí tipẹ́, ọjọ́ tó fẹ́ ṣe nǹkan míì ní CAC ló tó mọ̀ pé gbèsè ti gorí gbèsè.

Ohun kejì, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá san gbèsè tán, ẹ ò lè pín in. Kì í ṣe fún trustees, kì í ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́, kódà kó jẹ́ àga. Ẹgbẹ́ míì tí iṣẹ́ wọn jọ tiyín ló máa lọ sí. Kí ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà tàbí mọ́tò fún ẹnikẹ́ni ṣá, ẹ wo ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ bá àwọn tó fún yín lówó ṣe, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ló ni í. Ẹ sọ fún SCUML náà pẹ̀lú lẹ́tà, ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àkáǹtì báǹkì jẹ́ ohun tẹ́ ẹ máa pa dé kẹ́yìn pátápátá, torí owó ilé ẹjọ́ àti ti òdítà á ṣì máa gba ibẹ̀ jáde.

Ní ti Màmá, ọ̀nà kan wà tí wọ́n lè fẹ́ gbọ́. Abala 849 gba ẹgbẹ́ méjì tí iṣẹ́ wọn jọra láyè láti da ara wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹgbẹ́ kan n'Ìbàdàn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì múlẹ̀, iṣẹ́ náà lè wọ inú tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì ní owó díẹ̀ àti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó máa fẹ́ gba gbèsè mọ́ra.

Anti_Ireti

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, mo dákẹ́ fún bí wákàtí kan. Èmi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ń bẹ̀ wò nílé, kì í ṣe n'Ìbàdàn, ìlú míì ni. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń lo oògùn mi, mo wà dáadáa, àwọn ọmọ mi méjèèjì ò ní in.

Nígbà tí tiwa tilẹ̀kùn wọ́n fi message ránṣẹ́ lórí WhatsApp, "kí kálukú máa lọ sí ọsibítù ìjọba tó bá sún mọ́ ọn." Oògùn ò tán o, ọ̀fẹ́ ló ṣì wà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ nǹkan tó jẹ́ láti wọ ọsibítù tí o ò mọ ẹnikẹ́ni, kó o máa ṣàlàyé ara ẹ lójú fèrèsé níwájú èrò? Àwọn mẹ́ta tí mo mọ̀ nínú wa ò lọ. Ọ̀kan lára wọn, ọdún kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó ti rù kan egungun kó tó jẹ́ kí n mú òun lọ.

Torí náà àǹtí, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ẹ wá bá wa nílé. Kó jẹ́ ẹni tó máa ń wá tẹ́lẹ̀ ló máa wá, kó jókòó, kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, kó sọ ọjọ́ tó máa parí gan-an. Kó dárúkọ nọ́ọ̀sì tó máa gbà wá ní klíníìkì, kó sì mú wa lọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ojú lè mọ ojú. Lẹ́yìn náà kí ó pè wá lóṣù tó tẹ̀ lé e bóyá a lọ.

Fáìlì mi, èmi ni mo ni í. Ẹ má fún NGO míì láìbi mí. Òfin 2014 wà tó ní kí wọ́n má ya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀, kí wọ́n má sì sọ ọ̀rọ̀ wa fáyé gbọ́, òfin ààbò dátà ti 2023 náà wà, ṣùgbọ́n kódà kí òfin má sí, ìtìjú mi ni mo fi sí yín lọ́wọ́.

Ẹ san owó ilé ìwé àwọn ọmọ yẹn títí sáà á fi parí, ẹ jọ̀ọ́, ká má lé ọmọ jáde láàárín táàmù kẹta. July tẹ́ ẹ dá yẹn ṣe déédéé pẹ̀lú ìyẹn. Ìpàdé wa ńkọ́, ìyẹn ò nílò kó kú. Tiwa, lẹ́yìn tí ojú wa dá, àwa obìnrin mẹ́fà la tún un bẹ̀rẹ̀ ní pálọ̀ ẹnì kan, a ń dá àjọ, èyí tó bá ń ṣàìsàn a máa lọ wò ó. Ká ní wọ́n ti ràn wá lọ́wọ́ láti gbé e dúró kí wọ́n tó lọ ni, a kì bá ti pàdánù oṣù méje láàárín.

Ajoke_Peckham

Anti Ireti, Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

OmoOjaOba, mo jẹ́ trustee charity kan tó parí ní London níbí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà wa láti Nàìjíríà ló ń ṣe. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa nígbà yẹn ni Kids Company, charity tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, tó ti ilẹ̀kùn ní August 2015, ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí ìjọba san mílíọ̀nù mẹ́ta pọ́n-ùn fún wọn, tí àwọn káńsù wá ń sáré láti mọ àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n gbà. A ní àwa ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. A mú ọjọ́, a kọ orúkọ àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ẹni tó máa máa wò ó lẹ́yìn wa. Àwọn kan tiẹ̀ wà níbí tí wọ́n ń jẹ́ The Decelerator tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n yàn láàyò ni láti máa bá àwọn ẹgbẹ́ tó fẹ́ parí jókòó. Ó yẹ ká ní irú ẹ̀ nílé.

Ẹ̀gbọ́n tó dá tiwa sílẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀ bíi Màmá yín. Ìwé ìṣirò owó la kọ́kọ́ gbé síwájú wọn, wọ́n bínú jáde. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wa mú orúkọ àwọn àgbàlagbà yẹn lọ bá wọn nílé, ó ní "ẹ̀gbọ́n, tá a bá tilẹ̀kùn lójijì, ta ló máa wá wo Màmá àgbà tó wà ní àjà kẹrin yẹn?" Ìgbà yẹn ni wọ́n jókòó. Ẹ tún sọ ti Chuck Feeney fún Màmá, olówó Amẹ́ríkà tó dá Atlantic Philanthropies sílẹ̀, tó fúnra ẹ̀ yàn pé kó parí nígbà tóun ṣì wà láyé, wọ́n fi bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là ṣe ìtọrẹ, wọ́n sì tì í pa ní 2020. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kú.

OmoOjaOba

Ẹ ṣeun ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Anti Ireti, mo sunkún.

Mo lọ bá Màmá lánàá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé owó ò sí lọ́wọ́ mi, orúkọ ni mo mú lọ, 214. Wọ́n kà á títí wọ́n fi dé ìdí ẹ̀, wọ́n mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń béèrè pé èyí ńkọ́, ṣé ọmọ yẹn ti wọ ṣẹ́kọ́ńdírì. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní "ta ló máa sọ fún ìyá Mọ́níyà?" Mo ní a ò tíì pinnu. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á lọ. Wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí n pe ìpàdé trustees.

Baba, mo ṣe ìṣirò yẹn. Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ kan ni, bẹ́ẹ̀ lẹ sọ. Torí náà ìbẹ̀wò tuntun ti dúró láti òní, àwọn tó wà nílẹ̀ nìkan la máa ṣe, a ó sì yọ owó ilé ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìbéèrè tó kù: fáìlì tí olúwa ẹ̀ bá ní òun ò fẹ́ kó lọ sí ibì kankan, kí la máa ṣe sí i?

LoyaAduke

Ẹ kọ́kọ́ bi klíníìkì bóyá wọ́n ní àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ní in, ẹ fún onífáìlì láyè láti mú tiẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá fẹ́ mú, ẹ dáná sun ún lójú ẹni méjì, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti iye sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i. Ti orí kọ̀ǹpútà náà, kẹ́ ẹ tó gbé kọ̀ǹpútà fún ẹnikẹ́ni. Ìwé owó nìkan lẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ọdún mẹ́fà ni kẹ́ ẹ tọ́jú ìyẹn, ẹ mú trustee kan tí á máa wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Anti_Ireti

Ẹ bá mi kí ìyá Mọ́níyà.